Táyà ẹrẹ̀ àbí A/T: èwo lẹ máa rà fún Hilux tó ń wọ oko?

Kẹ́ ẹ tó mú owó jáde, ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn: láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kìlómítà mélòó lẹ ń rìn lójú ọ̀dà, mélòó lẹ ń rìn nínú ẹrẹ̀ gangan? Ẹ má fojú bù ú o, ẹ wo nọ́ńbà tó wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù yín láàárọ̀ Mọ́ńdè, kẹ́ ẹ tún wò ó lálẹ́ Sátidé. Oǹdó ni mò ń gbé, oko kòkó tí mò ń bójú tó wà lẹ́yìn Ilé-Olújì, mo sì máa ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé inú ẹrẹ̀ ni mọ́tò mi ti ń lo ayé ẹ̀. Nígbà tí mo ṣírò ó, nínú nǹkan bíi kìlómítà 360 tí mo rìn lọ́sẹ̀ yẹn, 300 ló jẹ́ ojú ọ̀dà, 60 jẹ́ ọ̀nà oko, nínú 60 ọ̀hún náà ibi tí ẹrẹ̀ ti ń kan ríìmù ò ju 8 lọ. Àmọ́ 8 yẹn ni kòkó ń gbà jáde, kò sí ọ̀nà míì. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà táyà yìí wà, torí táyà tó bá mọ 8 yẹn rìn dáadáa kì í sábà mọ 300 tó kù rìn.

Ẹni tó ní Hilux, Prado, 4Runner, L200 tàbí Ranger ni mò ń bá sọ̀rọ̀, irú mọ́tò tó ní fóò-bàì-fóò lóòótọ́. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń fà nínú mọ́tò yín, táyà ẹrẹ̀ á ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ kò lè sọ ọ́ di fóò-bàì-fóò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yẹn tajà fún yín.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀

Táyà tó bá mọ́tò wá láti ilé iṣẹ́, H/T ló sábà máa ń jẹ́, táyà títì nìyẹn, eyín ẹ̀ kéré, wọ́n sún mọ́ra, kì í pariwo. A/T (all-terrain, táyà tó ń wọ títì tó sì ń wọ oko) ló wà láàárín, eyín ẹ̀ tóbi díẹ̀, àlàfo wà láàárín wọn, ojú eyín kọ̀ọ̀kan sì ní àwọn ìlà tín-ín-rín bí ibi tí wọ́n fi abẹ là. M/T ni táyà ẹrẹ̀ fúnra ẹ̀: eyín ńláńlá, àlàfo tí ìka ọwọ́ máa wọ̀ láìfara kan ẹ̀gbẹ́, eyín ọ̀hún á tún yí dé ara ẹ̀gbẹ́ táyà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, BFGoodrich KO2 tó jẹ́ A/T, eyín ẹ̀ ní tuntun jìn tó bíi mílímítà 12, ọ̀pọ̀ M/T máa ń wà láàárín 14 sí 16, táyà títì á wà ní bíi 8 sí 9. Ẹ fi nọ́ńbà mẹ́ta yìí sọ́kàn, a máa tún lò ó níwájú.

Àwọn kan tún ti wà báyìí tí wọ́n ń pè ní R/T, bíi Toyo Open Country R/T àti Nitto Ridge Grappler, wọ́n dúró sí àárín A/T àti M/T. Wọ́n dára, àmọ́ a ò tíì fi bẹ́ẹ̀ rí wọn ra lápá ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá ní ẹni tó lè bá a gbé e wá láti Amẹ́ríkà lè gbà á.

Nínú ẹrẹ̀

Lílẹ̀ tí amọ̀ ń lẹ̀ mọ́ táyà ló ń ri mọ́tò. Bí táyà ṣe ń yí ni amọ̀ ń wọ àárín eyín, bí àlàfo yẹn bá kéré amọ̀ á jókòó síbẹ̀, ẹrù mọ́tò á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó tó yí lẹ́ẹ̀mẹrin márùn-ún kò sí eyín mọ́, amọ̀ ló ń yí lórí amọ̀. Ohun tó ń ṣe táyà títì nìyẹn ní kòtò àkọ́kọ́ pàápàá. A/T á gbìyànjú jù ú lọ, á gba kòtò kejì, ìkẹta, tó bá wá kan ibi tí ilẹ̀ amọ̀ ti jìn tó sì gùn, òun náà á dí. M/T ní tiẹ̀, àlàfo ẹ̀ fẹ̀ débi pé bó ṣe ń yí kíákíá ló ń ju amọ̀ yẹn dànù, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí eyín bá máa kanlẹ̀ ó ti mọ́. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí àwọn tó mọ M/T lò, wọ́n á tẹ iná sí i díẹ̀ nínú ẹrẹ̀ kí táyà lè ráyè gbọn ara ẹ̀ nù. Tẹ́ ẹ bá fi A/T ṣe bẹ́ẹ̀, kòtò lẹ ń gbẹ́, títí igi ẹ̀yìn mọ́tò á fi jókòó lórí ilẹ̀.

Òṣù October kan, mo kó àpò kòkó 12 sẹ́yìn Hilux, A/T tó ṣì ní eyín dáadáa ló wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré kan wà lẹ́yìn afárá onípákó, kò gùn ju ilé mẹ́ta lọ, ibẹ̀ ni mo há sí láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. A já àpò méjìlá sílẹ̀ nínú òjò, a ṣá igi, a kó òkúta sábẹ́ ẹ̀, ó ń lọ síwájú bí àtẹ́lẹwọ́ kan ó ń yọ̀ padà bí apá kan. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ra kòkó ní abúlé kejì ló wá kọjá, Hilux tiwọn dàgbà ju tèmi lọ dáadáa, àmọ́ M/T ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, wọ́n wọ L4, jíà fóò-bàì-fóò tó lọ́ra tó sì lágbára jù, wọ́n gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn jẹ́jẹ́ wọ́n sì dúró sókè. Wọ́n rìn padà wá bá mi, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí táyà mi, wọ́n ní, "Àbúrò, wò ó, eyín dà?" Mo wò ó, amọ̀ pupa ló kún ibẹ̀ bámú, ó ń dán. Wọ́n fi okùn fà mí jáde, wọn ò gba kọ́bọ̀.

Ẹrẹ̀ tiẹ̀ yàtọ̀ síra o. Ilẹ̀ pupa tiwa níbí, tí òjò bá rọ̀ sí i, òkè ẹ̀ á di ọṣẹ, àmọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀ le, eyín tó bá lè la ọṣẹ yẹn kọjá kó kan ibi tó le ló máa gbé yín jáde. Fún irú ilẹ̀ yìí táyà tó ga tó sì tín-ín-rín máa ń ṣe dáadáa ju èyí tó fẹ̀ lọ, torí ó ń gé wọlẹ̀, èyí tó fẹ̀ á fẹ́ máa léfòó lórí ọṣẹ. Bí ipa lọ́rí bá ti jìn lójú ọ̀nà, eyín tó wà lára ẹ̀gbẹ́ M/T ló máa di ògiri ipa yẹn mú kó lè gun jáde, A/T á kàn máa fẹ̀gbẹ́ ra á lásán ni. Àbàtà tí kò nísàlẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ míì, kò sí táyà tí mo mọ̀ tó dá ibẹ̀ rìn, ẹ wá ọ̀nà míì gbà.

Lójú ọ̀dà tí òjò pa

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ kà á, torí ibi tí àwọn èèyàn kì í bi olùtajà nìyí.

Àlàfo ńlá tó ń gba M/T là nínú ẹrẹ̀, òun náà ló ń dín rọ́bà tó ń kan ọ̀dà kù. Rọ́bà tó kanlẹ̀ kéré, eyín ọ̀hún ga, ó máa ń mì, àwọn ìlà tín-ín-rín tó yẹ kó máa nu omi kúrò lójú ọ̀dà ò sì tó nǹkan lára ẹ̀. Tí ọ̀dà bá gbẹ, ẹ lè má fura. Tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n sí i, tí epo àti eruku ojú ọ̀nà pò pọ̀, M/T á yọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, á tún yọ̀ níbi kọ́ńà. Omi tó dúró lójú ọ̀nà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé e léfòó nígbà tó ṣì tuntun, torí àlàfo yẹn ń ráyè da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀dà dídán tó kàn tutù ni ọ̀tá ẹ̀.

Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn inú bí mi, mo ra M/T mẹ́rin, mo sì lò ó ní gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò. Lóṣù June, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, mo wà lórí bíi 90, tírélà tó wà níwájú mi tẹ bíréèkì lójijì. Èmi náà tẹ̀ ẹ́. Mo ń gbọ́ bí ABS, ẹ̀rọ bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há, ṣe ń ta mí lẹ́sẹ̀, mọ́tò ò dín eré tó bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìn tírélà yẹn kàn ń tóbi sí i níwájú mi ni, mo yí sítíárìn sínú koríko ẹ̀gbẹ́ títì, ibẹ̀ la dúró sí. Èmi àti ìyàwó mi àti ọmọ kan tó ń sùn lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó fara pa, àmọ́ mi ò lè wakọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn ẹ̀.

Mo ń ro méjèèjì pọ̀ títí dòní. Ẹrẹ̀ tó mú mi lẹ́yìn afárá, alẹ́ ọjọ́ kan àti aṣọ tó dọ̀tí ló gbà lọ́wọ́ mi. Ọ̀dà yẹn ìbá gba èèyàn mẹ́ta. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi táyà wéra, ẹ má kàn ka iye ìgbà tó máa já yín kulẹ̀, ẹ tún ka ohun tó máa ná yín lọ́jọ́ tó bá já yín kulẹ̀. Mọ́tò tó bá ń kó ọmọ lọ sílé ìwé lójoojúmọ́, tó sì ń lọ sóko lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mi ò ní gbà yín níyànjú M/T, ìbáà rẹwà lábẹ́ ẹ̀ tó báwo.

Lẹ́tà tó máa ń wà níparí nọ́ńbà M/T sábà máa ń jẹ́ Q, ìyẹn ni pé kìlómítà 160 ní wákàtí ni òpin eré tí wọ́n ṣe é fún, S jẹ́ 180, T jẹ́ 190. Òpin ni o. Èmi ò ń fi M/T kọjá 90 mọ́ tójú ọ̀run bá ti ṣú.

Ariwo, epo, àti bó ṣe ń jẹ

Èyí ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. M/T ń kùn bí oyin láti bíi 60 lọ sókè, bó sì ṣe ń gbó ló ń pariwo sí i, ní ìrìn àjò wákàtí mẹ́ta ó máa ń rẹ èèyàn. Ó wúwo, táyà kan lè fi kílò 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju táyà títì ìwọ̀n kan náà, ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́ sí i, epo á sì lọ sí i. Ojú ọ̀dà gbígbóná máa ń jẹ eyín ẹ̀ kíákíá, kì í sì í jẹ wọ́n dọ́gba, apá iwájú eyín á ga, ẹ̀yìn ẹ̀ á lọ sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti rí bẹ́ẹ̀ ariwo á di ìlọ́po. Àfi kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ àyè wọn, tiwájú sẹ́yìn, tẹ̀yìn síwájú, ní bíi gbogbo kìlómítà 8,000. BFGoodrich fún KO2 ní ẹ̀rí máìlì 50,000 fáwọn tó ń rà á ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ M/T kì í ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ rárá, kẹ́ ẹ lè mọ ohun táwọn tó ṣe é fúnra wọn gbà nípa ẹ̀.

Tí eyín M/T bá ti sún mọ́ mílímítà 6, ó ti di A/T tó ń pariwo nìyẹn. Òfin lè ní ó ṣì dára lójú títì, nínú ẹrẹ̀ ó ti tán.

Yangí àti iyanrìn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí títí dé Kìṣí, ilẹ̀ yín yàtọ̀ sí tiwa. Yangí àti òkúta ló pọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn yín gùn, òjò tiyín kì í sọ ilẹ̀ di ọṣẹ bíi ti inú igbó kìjikìji. A/T tó ní ẹ̀gbẹ́ líle ni mo máa rà ká ní ibẹ̀ ni mò ń gbé, láìronú lẹ́ẹ̀mejì. M/T lórí yangí, òkúta kéékèèké á máa há sí àárín eyín, eyín á máa bó ní wẹ́wẹ́. Ohun tẹ́ ẹ nílò ni ẹ̀gbẹ́ táyà tí òkúta mímú ò ní la.

Iyanrìn, bíi ti etí òkun, M/T ò mọ̀ ọ́n rìn tó bẹ́ẹ̀. Eyín ńlá yẹn á gbẹ́ iyanrìn bí ọkọ́. A/T tẹ́ ẹ bá dín afẹ́fẹ́ ẹ̀ kù ló máa tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ẹ̀ tó máa kọjá.

Nọ́ńbà tó wà lára táyà

Ká ní 265/65R17 ló wà lẹ́sẹ̀ Hilux tàbí Prado yín. 265 ni fífẹ̀ ẹ̀ ní mílímítà, 65 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 ti fífẹ̀ yẹn, 17 ni ríìmù ní íǹṣì. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, táyà yẹn ga tó mílímítà 776 láti òkè délẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ra M/T máa ń fẹ́ gùn sí 265/70R17, èyí á ga tó 803. Mọ́tò á gbéra sókè ní nǹkan bíi mílímítà 13 péré, torí ìdajì gíga yẹn ló wà lábẹ́. Nígbà tí dáṣíbọ́ọ̀dù bá ń sọ fún yín pé 100 lẹ wà, ẹ ti wà ní 103. Ẹ rí i pé kì í ṣe nǹkan ńlá, àmọ́ ẹ yí sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì lẹ́yìn tí wọ́n bá wọ̀ ọ́, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn mọ́tò, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń ha mọ́dígáàdì. Èyí tó bá tún ju ìyẹn lọ, ẹ má ṣe é láìbá mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀, torí jíà àti bíréèkì náà á gbọ́ sí i.

Ẹrù ni ọ̀rọ̀ tó kàn àwa olóko jù. Bíi àpò kòkó 16 ló ń ṣe tọ́ọ̀nù kan. Táyà títì tó kọ 112S, 112 yẹn ni pé táyà kan lè gbé kílò 1,120. LT tó kọ 120/117Q, táyà kan á gbé 1,400. LT yìí ni ti ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀pọ̀ M/T ló jẹ́ LT, ẹ tún máa rí lẹ́tà C, D tàbí E lára ẹ̀, E ló le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun làwọn tó ń tà á máa ń pè ní ten ply. Mẹ́wàá yẹn kàn ń sọ bó ṣe le tó ni, kì í ṣe pé ìpele mẹ́wàá ló wà nínú ẹ̀. Ohun tí wọn kì í sọ fún yín ni pé táyà LT nílò afẹ́fẹ́ tó ju ti táyà lásán lọ kó tó lè gbé ẹrù kan náà, nítorí náà nọ́ńbà afẹ́fẹ́ tó wà lára ilẹ̀kùn mọ́tò yín ò bá LT mu mọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá kó ẹrù kún un.

Márùn-ún ni kẹ́ ẹ rà tí agbára bá gbé e. Sípéà tó kéré ju àwọn yòókù lọ, tẹ́ ẹ bá fi rìn nínú fóò-bàì-fóò lórí ilẹ̀ gbígbẹ, á máa fa jíà inú mọ́tò ya ni. Ẹ má sì ṣe M/T méjì sẹ́yìn kẹ́ ẹ fi táyà títì sílẹ̀ níwájú, iwájú àti ẹ̀yìn á máa di ilẹ̀ mú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, níbi kọ́ńà lẹ ti máa rí i.

Tuntun àbí tòkunbọ̀

Mo mọ̀ pé owó ni. M/T tuntun mẹ́rin lè gba gbogbo èrè kòkó oṣù kan, tòkunbọ̀ sì wà níbẹ̀ ní ìdajì iye yẹn tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, eyín ẹ̀ ṣì gùn, ó ń dán. Mo ti rà á rí. Lóṣù kẹta ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan wú bí èékánná tí ilẹ̀kùn há, nígbà tí fọkanáísà tú u, wáyà inú ẹ̀ ti tẹ̀.

Ẹ ẹ́ rí i, láti ìgbà tí Michelin ti kúrò ní Port Harcourt lọ́dún 2007 tí Dunlop sì dá táyà ṣíṣe dúró n'Íkẹjà lọ́dún 2008, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo táyà tẹ́ ẹ rí lórí igbá ló gba orí omi wá. Kí kọ̀ǹtẹ́nà lè gba púpọ̀, àwọn kan máa ń ki táyà kékeré sínú ńlá, wọ́n á tún ki òmíì sínú ìyẹn, ohun tí àjọ SON (Standards Organisation of Nigeria) ti ń bá wọn jà lé lórí tipẹ́ nìyẹn. Táyà tí wọ́n bá ti tẹ̀ bẹ́ẹ̀, ètè ẹ̀ (etí tó ń di ríìmù mú) ti wọ́, irin inú ẹ̀ ti ṣẹ́ ara, ìbáà jẹ́ tuntun, ìbáà jẹ́ àlòkù. Ẹ fi ọwọ́ ra ètè ẹ̀ yíká nínú, tẹ́ ẹ bá rí ibi tó ṣẹ́ po tàbí tó wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀. Ti àlòkù, ìjọba ti fòfin de kíkó o wọlé, ó wà nínú ìwé àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù, àfi táyà lọ́rí ńlá láti 11.00 x 20 sókè tí wọ́n fẹ́ tún ṣe.

Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára táyà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà níparí ẹ̀. 2321 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2021. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí nígbà míì, ẹ ní kí wọ́n yí i padà fún yín. Àwọn Road Safety wa sọ pé ọdún mẹ́rin ni táyà ń lò láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, M/T sì jẹ́ táyà tí kì í yá lọ́jà, ó lè ti jókòó nínú oòrùn fọ́dún méjì kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀. Rọ́bà tó ti gbó á le, rọ́bà tó le ò lè di ọ̀dà tútù mú, ẹ sì ti mọ̀ pé M/T ò kúkú lágbára níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ owó ló ń dín yín lọ́wọ́, A/T tuntun tí orúkọ ẹ̀ ò lókìkí sàn fún mi ju M/T tòkunbọ̀ olórúkọ ńlá lọ.

Orúkọ

Èyí tí mo ti fẹsẹ̀ ara mi lò tàbí tí mo ti rí lẹ́sẹ̀ mọ́tò ẹni tí mo mọ̀ ni màá dárúkọ. BFGoodrich KM3 ni M/T tó di ilẹ̀ pupa mú jù lójú mi, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ le gan-an, ó wọ́n. Maxxis Bighorn, ti ilé iṣẹ́ kan ní Taiwan, ló wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò ẹ̀gbọ́n tó fà mí jáde lọ́jọ́ yẹn, owó ẹ̀ rọjú díẹ̀, ó ń pariwo ju KM3 lọ. Yokohama Geolandar M/T G003 ló rọ̀ jù lójú ọ̀dà nínú àwọn M/T tí mo ti wà. Nínú A/T, KO2 ló pẹ́ lẹ́sẹ̀ mi jù, Bridgestone Dueler A/T sì dùn wà, ẹrẹ̀ kékeré ni kẹ́ ẹ mọ sí pẹ̀lú ẹ̀.

Afẹ́fẹ́

Ọ̀pọ̀ ìgbà tí mọ́tò bá há, afẹ́fẹ́ ni ò jẹ́ kó jáde. Táyà tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ wà ní 35 tàbí 40 psi á le bí igi, ibi tó fi kanlẹ̀ á kéré. Tẹ́ ẹ bá dín in kù sí bíi 22 kẹ́ ẹ tó wọ ẹrẹ̀, táyà á gùn lórí ilẹ̀, eyín púpọ̀ á kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ẹ́ rí i pé A/T yín á ṣe iṣẹ́ tẹ́ ẹ rò pé M/T nìkan ló lè ṣe. Ẹ má sáré pẹ̀lú ẹ̀, ẹ má kó ẹrù kún un, kẹ́ ẹ sì tún un fẹ́ kẹ́ ẹ tó padà sójú ọ̀dà, torí táyà tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ kéré máa ń gbóná lójú eré ó sì máa ń bẹ́. Ẹ ra pọ́ǹpù kékeré tó ń lo bátìrì mọ́tò àti géèjì gidi kan. Nínú gbogbo owó tí mo ti ná sórí ọ̀rọ̀ yìí, òun ló kéré jù, òun ló sì gbà mí jù. Àwọn kan níbí tún máa ń so ṣéènì mọ́ A/T tí ẹrẹ̀ bá pọ̀ jù, ó ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣáà máa tú u kẹ́ ẹ tó kan ọ̀dà.

Èwo wá ni

Tó bá jẹ́ pé nínú nọ́ńbà tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ẹrẹ̀ gidi ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá, A/T ni kẹ́ ẹ rà, LT tẹ́ ẹ bá ń kó ẹrù, pẹ̀lú pọ́ǹpù. Bí ẹrẹ̀ bá tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí mọ́tò ọ̀hún sì jẹ́ ti oko tí kì í rìnrìn àjò, bíi ti àwọn tó ń ra kòkó láti abúlé dé abúlé, ẹ ra M/T, kẹ́ ẹ máa rọra wà á lójú ọ̀dà. Ẹni tó wà láàárín méjèèjì, tó sì lè rí R/T, kó rà á. Táyà títì jẹ́ ti ẹni tí oko ẹ̀ wà létí ọ̀dà.

Èmi, ohun tí mo ṣe níkẹyìn ni pé mo padà sórí A/T, mo wá ra ríìmù onírin mẹ́rin lọ́wọ́ ẹni tó tú u kúrò lára mọ́tò ẹ̀, mo wọ M/T mi sórí wọn. Wọ́n wà nínú ilé lẹ́yìn, lábẹ́ òrùlé, mo da tapólì bò wọ́n kí oòrùn má bà á jẹ́. Tí òjò September bá ti bẹ̀rẹ̀ tí kòkó sì ti ń pọ́n, èmi àti àbúrò mi á fi jáàkì gbé mọ́tò, kò gbà wá ju wákàtí kan lọ, M/T á wọlé. Ní December tí ọ̀nà oko bá ti gbẹ, a tún tú u. Ọdún kẹta rèé tí mò ń ṣe é bẹ́ẹ̀, M/T yẹn ṣì ní mílímítà 11, àmọ́ nọ́ńbà ọjọ́ orí ẹ̀ ti ń sún mọ́ ọdún mẹ́rin, mo sì ti ń fi owó òmíì pa mọ́ díẹ̀díẹ̀.